Ẹrú Náà Ṣe Ọmọ Rí

Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa nígbà tí wọ́n bá rí ẹni tó ń fojú tín-ín-rín ọmọ ọlọ́mọ: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í dúró wo ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ikú méjì ló wọlé kan náà. Èkíní dé, wọ́n gbé òkú lọ sin, kálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì dé, ẹkún sọ, aládùúgbò sáré wọlé láìwọ bàtà. Lẹ́yìn náà ni òwe yí padà bìrí, ó mú wa kúrò nílé olówó ẹrú, ó gbé wa lọ sí agboolé mìíràn lọ́nà jíjìn, níbi tí obìnrin kan wà tí kò tíì gbọ́, tí kò sì ní gbọ́ láéláé. Bí ayàwòrán bá jókòó ti òwe yìí, ìwé àwòrán ọmọdé ni yóò gbé dìde. Èrò mi ni pé ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní èdè wa, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti agboolé kẹ́yìn yẹn, lọ́dọ̀ ìyá tí kò gbọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìwé ọmọdé lórí ìfẹ́ ẹbí ní oko ẹrú láti ọjọ́ tó ti pẹ́ díẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ ni, ojú ewé 32 ló sábà máa ń ní, àwòrán ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ìlà mélòó kan lọ lójú ewé kan, àgbàlagbà ni yóò sì máa kà á sókè fún ọmọ tó fara tì í. Ní 2007, Ellen Levine kọ èyí tó ń jẹ́ Henry's Freedom Box, Kadir Nelson ló ya àwòrán rẹ̀. Ìtàn Henry Brown ni, ẹrú kan ní ìlú Richmond, tí wọ́n ta ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn ní 1848. Ní oṣù kẹta ọdún 1849, ó wọ inú àpótí igi kan, ó ní kí wọ́n kàn án pa, kí wọ́n sì fi òun ránṣẹ́ sí Philadelphia, níbi tí òfin kò ti gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa ra èèyàn tà. Ẹrú wá di ẹrù. Wákàtí 27 ló lò nínú àpótí náà, nígbà mìíràn wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Ó dé láàyè, ó sì di ẹni ara rẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ kò padà wá, ìwé náà kò sì purọ́ fún ọmọdé pé wọ́n padà. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ìrètí tó wà nínú ìwé náà kò tó ìpàdé, síbẹ̀ ìrètí ni.

Òmíràn jáde ní 2011, Love Twelve Miles Long, tí Glenda Armand kọ, tí Colin Bootman ya. Ìyá Frederick Douglass, ẹrú tó di òǹkọ̀wé, ni ìtàn náà dá lé, Harriet Bailey, ẹni tí olówó rẹ̀ fi síṣẹ́ ní oko kan tó tó máìlì 12 síbi tí ọmọ rẹ̀ wà. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán lẹ́yìn iṣẹ́, yóò fẹsẹ̀ rìn ọ̀nà náà lóru kí ó lè gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún fẹsẹ̀ rìn padà kí oòrùn tó yọ, torí pé ẹgba ń dúró de ẹrú tí kò bá sí lóko nígbà tí wọ́n bá ka orí. Nínú ìwé náà, ìyá ń sọ fún ọmọ bí òun ṣe ń rin máìlì kọ̀ọ̀kan àti ohun tí òun ń ṣe lọ́kàn lórí rẹ̀, títí ọ̀nà náà fi tán. Ó rẹwà. Ẹni tó bá mọ ohun tí Douglass fúnra rẹ̀ kọ yóò sì ní ìbéèrè, ìbéèrè náà sì tọ́. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1845, Douglass sọ pé òun kò rí ìyá òun ju ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, pé òru ni gbogbo rẹ̀, pé ó kú nígbà tí òun wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje, àti pé bí wọ́n ṣe sọ fún òun, ó rí lára òun bí ikú ẹni tí òun kò mọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yẹn le. Ọmọ kan gbọ́ ikú ìyá rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1855, ó tún ìtàn ayé rẹ̀ kọ ní ìwé tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì rántí òru kan tí ẹni tó ń tọ́jú wọn fi ebi pa á látàárọ̀, tí ìyá rẹ̀ wọlé lójijì, tó fún un ní àkàrà òyìnbó kan tí wọ́n fi atalẹ̀ sí, tí wọ́n sì gé bí àwòrán ọkàn, tó sì bá ẹni tó febi pa ọmọ rẹ̀ wí kíkankíkan. Ẹ̀rí méjèèjì ti ẹnu ọkùnrin kan náà jáde. Èkíní sọ ohun tí oko ẹrú bà jẹ́. Èkejì sọ ohun tí kò rí bà jẹ́ tán. Ìwé ọmọdé yẹn mú èkejì. Bí èmi ni mo kọ ọ́, n óò jẹ́ kí ọmọ tó ń gbọ́ ọ mọ bí òru bẹ́ẹ̀ ṣe kéré tó, torí pé kíkéré rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí ìrìn máìlì 12 ṣe pàtàkì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìfẹ́ ẹbí ni wọ́n ń gbà wọ inú ọ̀rọ̀ tó burú tó báyìí? Ìdáhùn kan wà tó yá láti sọ: ọmọdé kò lè gbé iye ka orí. Bí a bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà pé ó ju mílíọ̀nù 12 èèyàn lọ tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ kọjá òkun Àtìláńtíìkì, tí nǹkan bí mílíọ̀nù 2 nínú wọn sì ti èbúté apá ọ̀dọ̀ tiwa lọ, bíi Wídà, Àgbádárìgì àti Èkó, yóò mi orí, yóò sì béèrè oúnjẹ. Àgbàlagbà pàápàá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò lè fojú inú rí i. Ohun tí gbogbo ọmọ mọ̀ ni ìrọ̀lẹ́ tí ìyá kò tètè ti ọjà dé. Ìdáhùn kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ, inú ìṣe àwọn baba ńlá wa ló sì wà. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀fà àti ẹrú dájú. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ fún olówó, àwọn méjèèjì lè máa lo ọkọ́ kan náà lóko kan náà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ní baba tàbí ẹ̀gbọ́n tó yá owó lé e lórí; ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà tán, ilé yá. Bí olówó bá nà án ní ànàkú, ará ilé rẹ̀ yóò wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹrú kò ní ẹni tí yóò wá béèrè. Ohun tó sọ ọ́ di ẹrú nìyẹn: wọ́n ti gé e kúrò lára gbogbo ẹni tó lè béèrè rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n, pàṣán àti ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn ìgé yìí ni wọ́n tó dé. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ ìtàn ẹrú láìsọ ti ẹbí ti fo kókó ọ̀rọ̀ dá.

Àwọn kan yóò sọ pé ewu wà níbẹ̀, pé bí a bá ti ń fi ìfẹ́ bo oko ẹrú, ọmọdé yóò rò pé ó tura níbẹ̀. Ewu náà kì í ṣe àròsọ, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2015, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ A Fine Dessert, tí Emily Jenkins kọ, tí Sophie Blackall sì ya. Apá kan rẹ̀ fi ìyá àti ọmọbìnrin kan hàn, ẹrú ni wọ́n ní 1810, wọ́n ń se ìpápánu fún olówó wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ṣe fara pamọ́ tí wọ́n ń lá abọ́. Àwọn òǹkàwé aláwọ̀ dúdú bínú. Òǹkọ̀wé náà tọrọ àforíjì, ó sì fi owó tí wọ́n san fún un lórí ìwé náà tọrẹ. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 2016, ilé ìtẹ̀wé Scholastic gbé A Birthday Cake for George Washington jáde, wọ́n sì kó o kúrò lórí àtẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Hercules ni ìwé náà dá lé, ẹrú tó ń dáná fún ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fi tẹ̀rín-tẹ̀rín wá ọ̀nà àtiṣe àkàrà ọjọ́ ìbí olówó wọn láìsí ṣúgà. Ohun tí ìwé náà kò gbé sáàárín ìtàn ni pé ọjọ́ ìbí Washington gan-an, ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1797, ni Hercules sá lọ, tí kò sì padà mọ́. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Louis-Philippe, ọmọ ọba Faransé, ṣe àlejò nílé Washington. Ìránṣẹ́ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin kékeré kan tí Hercules fi sílẹ̀ bóyá kò bà á nínú jẹ́ pé kò ní rí baba rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà dáhùn pé inú òun dùn, nítorí baba òun ti di òmìnira.

Ẹ gbé ìtàn méjèèjì yìí sórí òṣùwọ̀n kan náà. Nínú ìwé tí wọ́n kó nílẹ̀, baba àti ọmọ fẹ́ràn ara wọn, ìfẹ́ náà sì mú kí ilé olówó dà bí ilé ire. Nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, baba àti ọmọ fẹ́ràn ara wọn, ìfẹ́ náà sì tú àṣírí ilé olówó: ọmọdé kan ní láti kọ́ bí a ṣe ń yọ̀ pé baba òun kò sí nítòsí mọ́. Àtakò tó ní ìfẹ́ máa ń mú oko ẹrú dùn ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ̀rín tí kò ní ìdí ló ń mú un dùn. Ìfẹ́ tí a bá sọ bó ṣe rí ló ń jẹ́ kí ọmọdé mọ iye ohun tí wọ́n jí.

Àìtó kan wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé Amẹ́ríkà wọ̀nyí tí a kò lè dá wọn lẹ́bi fún, nítorí ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n ti ń wò. Inú oko ẹrú ni ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ti jẹ́ ẹrú kí a tó ṣí ìwé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òkun, ẹ̀yìn òkun sì ni kùrukùru kan tí wọ́n ń pè ní Áfíríkà. Díẹ̀ ló gbìyànjú láti la kùrukùru náà já. Patricia McKissack gbìyànjú ní 2011, nígbà tó kọ Never Forgotten, tí Leo àti Diane Dillon ya: alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Mali, wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé, ilẹ̀, iná, omi àti afẹ́fẹ́ sì ń bá a wá ọmọ náà kiri. Ó yàtọ̀ nítorí pé lọ́dọ̀ baba tó kù nílé ni a dúró sí. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé obìnrin ará Amẹ́ríkà ni yóò máa ro irú èyí fún wa? Ìdajì ìtàn tó kù lọ́wọ́ wọn ló kún ọwọ́ wa. Àwa la wà nílẹ̀ tí wọ́n ti mú wọn lọ.

Ẹ wo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lónìí á ti gbọ́ nípa òwò ẹrú: òyìnbó dé, ó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dání, ó kó àwọn èèyàn wa lọ, ó tán. Bóyá wọ́n ti kó kíláàsì rẹ̀ lọ wo Àgbádárìgì nínú bọ́ọ̀sì. Ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un nípa Òṣífẹkúndé, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1798 ní Mákùn létí ọ̀sà, ní gúúsù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kan náà, nínú ìdílé tó lórúkọ. Ní 1820, nígbà tó wà lórí omi lẹ́nu òwò, àwọn ọlọ́ṣà Ìjọ́ dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, wọ́n mú un, wọ́n sì tà á. Wọ́n gbé e dé Brazil, ó sì sìn níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún kí ọ̀gá rẹ̀ tó mú un lọ sí Paris. Níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Marie Armand d'Avezac, ti rí i. Ó jókòó tì í lọ́jọ́ púpọ̀, ó ń béèrè nípa ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìlú rẹ̀, ọba rẹ̀, ọjà rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Ìwé tí d'Avezac tẹ̀ jáde láti inú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà ní 1845 wà lára àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lórí Ìjẹ̀bú láti ẹnu ọmọ Ìjẹ̀bú, P. C. Lloyd túmọ̀ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde nínú ìwé Africa Remembered ní 1967. Wọ́n ṣe ère orí Òṣífẹkúndé pàápàá, nítorí náà ayàwòrán kò ní í ṣàì rí ojú rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ èdè Ìjẹ̀bú tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin tó ti lo ogún ọdún ní ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ mìíràn pè é, ó jókòó nínú òtútù Paris, ó ń ka àwọn ọjà ilẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ará ilé ni.

Àtakò tó le jù lọ wà níbí, a kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ilé, a ó bá ọwọ́ tiwa níbẹ̀. Àárín òkè àti ọ̀sà ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà, àwọn Ìjẹ̀bú sì di ẹnu ọ̀nà mú ṣinṣin. Títí di ogun Ìmàgbọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun wọn ní 1892, àlejò kò lè kọjá bó ṣe wù ú. Ohun tó bá ń ti òkè bọ̀, ọwọ́ wọn ló ń gbà kọjá sí àwọn ọjà etí ọ̀sà bí Ẹ̀pẹ́ àti Ẹjìnrìn. Aṣọ tí wọ́n hun ní Ìjẹ̀bú dé Brazil. Èèyàn pẹ̀lú ń gba ọ̀nà yẹn kọjá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé ń wó, tí ogun Òwu sì bẹ́ sílẹ̀ láti inú ìjà ọjà Àpòmù, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tó ń ra ẹni tí wọ́n jí gbé. Òṣífẹkúndé fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ta èèyàn wá, kí àwọn mìíràn tó wá tà á. Báwo la ṣe fẹ́ kọ èyí fún ọmọ ọdún méje? Àwọn kan yóò ní ká má kọ ọ́ rárá, nítorí pé títí di òní, ọ̀rọ̀ ẹni tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ẹrú àti ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ra ẹrú ṣì máa ń yọjú nígbà ìjà ilẹ̀ àti ìjà oyè, àti pé ìwé ọmọdé lè di ohun tí àwọn àgbà yóò fi bú ara wọn.

Mo gbà pé ìtìjú náà wà. N kò gbà pé ìdákẹ́jẹ́ ló ń wò ó sàn. Ìdákẹ́jẹ́ yìí kan náà ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi pa ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu mọ́ nínú ìpàdé ẹbí. Ìwé ọmọdé kò nílò orúkọ ìdílé kankan. Ó lè fi ilé oníṣòwò kan hàn, kí ó fi ọmọ oníṣòwò náà hàn tó ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kí ọmọ oníṣòwò bi í léèrè pé kí ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é, kí ojú ewé tó tẹ̀ lé e sì fi ìyá yẹn hàn. Òwe àwọn àgbà ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, àwọn tó pa á kọ́kọ́ sì wà nílé olówó ẹrú. Ìtàn àwọn èèyàn gidi kò sì pín sí rere níhìn-ín, búburú lọ́hùn-ún. Ẹ wo Séríkì Williams Abass, tí ilé rẹ̀ ṣì wà ní Àgbádárìgì títí di òní: ọmọ Ìjògá ní ilẹ̀ Yewa ni, wọ́n tà á nígbà tó wà ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wálé, òun náà sì wá di ẹni tó ń ta èèyàn. Ti Séríkì kò yẹ fún ọmọ kékeré, mo gbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé e.

Ẹnì kan wà tí gbogbo wa gbà pé a mọ̀, tí ìwé ilé ìwé sì ti gbé ojú rẹ̀ kọ́ síbi tí kò yẹ. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tí a ń fi han àwọn ọmọ ni àgbàlagbà tó wọ aṣọ àlùfáà. Ọmọ tó jẹ́ ní Òṣogùn kò sí nínú àwòrán. Ní 1821, wọ́n jó ìlú náà, wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Àfàlá àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Wọ́n pín wọn bí ẹrù ogun. Wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ó tún rí ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tún já a gbà. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tó gbé e kúrò ní Èkó, wọ́n sì sọ̀ ọ́ sí Freetown. Èyí tó yẹ kó jẹ́ ojú ewé àárín ìwé ọmọdé ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846 ní Abẹ́òkúta, nígbà tí Àfàlá wọlé tọ̀ ọ́ wá lẹ́yìn ọdún bíi 25. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀: ìyá rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé ń ṣàn lójú obìnrin tó ti rù. Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń fi kẹ́ ẹ nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá àgbà yẹn ti kú sí oko ẹrú. Ohun tó wà nínú ìpàdé yẹn nìyí, ayọ̀ àti òkú nínú gbólóhùn kan. Mo sì gbà pé kí a má kọ́ ọmọdé ní ìdajì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rọrùn láti fi ìdìmọ́ra parí ìwé. Ohun tí mo máa yọ kúrò fún ọmọ kékeré ni òru tí Àjàyí ronú àtifi ìgbànú rẹ̀ pa ara rẹ̀, èyí tí òun náà kọ sílẹ̀. Gbogbo òótọ́ ló dára, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló yẹ fún ọjọ́ orí kan náà.

Ìpàdé bí ti Àfàlá ṣọ̀wọ́n gan-an, ewu ibẹ̀ sì ni kí ọmọdé rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe rí. Nítorí náà ó yẹ kí ìwé mìíràn dúró tì í. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Wídà lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama, lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka irú rẹ̀ léèwọ̀ fún ohun tó lé ní 50 ọdún. Kòsọ́lá wà nínú rẹ̀, ọmọ Bàntẹ̀ ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ bí ọdún 19. Ọmọ ọdún méjì kan tó ń jẹ́ Àbákẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ta méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn síbòmíràn, wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́. Àbákẹ́ di Matilda McCrear, ó kú ní 1940. Ẹ kíyè sí orúkọ àkọ́kọ́ yẹn: oríkì ni, orúkọ tí a fi ń kẹ́ ọmọ ní ilé ìyá rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e kọjá òkun. Kòsọ́lá ní tirẹ̀ bí ọmọ mẹ́fà, gbogbo wọn ló sì ṣáájú rẹ̀ kú. Nígbà tí òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Zora Neale Hurston, lọ bá a ní 1927, ó sọ fún un pé kí ó ròyìn òun, kí ó lè dé etí ẹnì kan nílé tí yóò ní òun mọ Kòsọ́lá. Ìwé tí Hurston kọ láti ẹnu rẹ̀, Barracoon, kò jáde títí di 2018, Ibram X. Kendi sì tún un kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ní 2024. Ohun tí bàbá arúgbó yẹn bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìyá gbọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn náà fi dé. Àwọn ọmọ tó ń sọ èdè tó fi sunkún kò tíì máa gbọ́ ọ ní kíláàsì.

Àwọn atẹ̀wé yóò sọ pé ìwé aláwọ̀ mèremère wọ́n láti tẹ̀, àti pé ìwé Yorùbá tí ilé ìwé kò bá fi sínú ìwé tó pọn dandan kì í tà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ́ ìran mélòó kan ní ìwé kíkà pẹ̀lú àwòrán tó jẹ́ ìlà dúdú lásán lórí bébà funfun, àwọn tó kà á ṣì lè sọ bí àwòrán náà ṣe rí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ọ̀nà tirẹ̀ tí kò gba owó ńlá: àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ olónà ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ bí a ṣe ń fi ọ̀nì, ejò àti ọ̀pọ̀lọ́ sọ̀rọ̀ lára aṣọ, ayàwòrán tó bá sì mọ ohun tó ń ṣe lè kó irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú àwọ̀ kan ṣoṣo. Olùkọ́ kan tó bá ní ẹ̀dà kan lè kà á fún kíláàsì 40. Ìnáwó kọ́ ló jẹ́ kí ìtàn Òṣífẹkúndé wà ní Faransé fún ọdún 122 kí ó tó dé èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ti fi apá tó ṣòro jù nínú ìtàn rẹ̀ sí ìparí, nítorí pé òun ni ìwé náà yóò ti yè tàbí kú. Ní Paris, Òṣífẹkúndé kì í ṣe ẹrú mọ́; owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbà. D'Avezac ṣètò kí ó bá ọkọ̀ lọ sí Freetown, níbi tí ó ti lè wá ọ̀nà dé Ìjẹ̀bú. Òǹkàwé yóò ti máa mú ara dúró de Mákùn, ọ̀sà, àti ẹnì kan létí omi tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Òṣífẹkúndé kò lọ. Ó padà sí Brazil, sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ti sìn rí, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀. Ọmọ tí a bá kà á fún ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ yóò béèrè ìdí tí kò fi wá sílé, ẹni tó ń kà á yóò sì wá ohun tí yóò sọ, kò sì ní rí i kíákíá. Kí òǹkọ̀wé má bá a wá a. Kí ó fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ fún ayàwòrán: òkun, ọkọ̀ kan tí imú rẹ̀ kọ sí ìwọ̀ oòrùn, àti ọkùnrin kan tó dúró níwájú ọkọ̀ tó kẹ̀yìn sí wa.